Títún Ọ̀pá Ìpẹja Oparun Àtijọ́ Ṣe ní Kàbbà: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́

Ọ̀pá tó wà lórí tábìlì gùn ní fíìtì 8 àti ínṣì 6. Ìpín mẹ́ta ni, ó sì ní ṣóńṣó méjì, ìyẹn ìpín orí tí a lè fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì. Oparun tí wọ́n là tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ padà ni wọ́n fi ṣe é, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń ju ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ wé, tí wọ́n ń pè ní fly. Ríìlì kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí a ń ká okùn sí, bá a wá, okùn ṣẹ́dà sì wà lórí rẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ra pinpin.

Àìsàn ara rẹ̀ pọ̀. Fánííṣì ń ṣí, òwú tó so òrùka tí okùn ń gbà kọjá ti jẹrà, ìsopọ̀ irin kan ń mì, ìpín àárín ti tẹ̀ sí òsì, ṣóńṣó kan ti là ní ojú gọ́ọ̀mù, aáyán sì ti jẹ kọ́ọ̀kì ìdìmú. Kò sí ọ̀kan tó pa á nínú wọn. Ìdí tí irú ọ̀pá yìí fi ń wu apẹja títí dòní nìyẹn: ibi gbogbo tí wọ́n so ṣeé tú, ibi gbogbo tí wọ́n lẹ̀ ṣeé tún lẹ̀. Ọ̀pá carbon òde òní tó bá ṣẹ́ lágbedeméjì, olówó rẹ̀ á wá ìpín mìíràn rà, bí wọ́n bá ṣì ń ṣe é.

Ohun tó wà lábẹ́ fánííṣì

Bí a bá gé ọ̀pá yìí lábùú, a ó rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́ta, orí gbogbo wọn sì pàdé ní àárín. Ẹ̀yìn oparun ló kọjú síta yí ká, torí ibẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ti ki jù. Samuel Phillippe, oníṣẹ́ ìbọn ní Easton, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìbẹ̀rẹ̀ irú ọ̀pá yìí níbẹ̀, láàárín 1840 sí 1850. Hiram Leonard, oníṣẹ́ ọ̀pá ìpẹja níbẹ̀ náà, ló wá lo ẹ̀rọ láti máa gé àwọn ìlà náà lọ́gbọọgba. Oparun Tonkin ni wọ́n wá ń lò nígbà tó yá, láti agbègbè Guangdong ní Ṣáínà. Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de òwò pẹ̀lú Ṣáínà ní 1950, oparun náà wọ́n bí ojú, ọ̀pá fiberglass sì gba ọjà.

Ṣé oparun etí odò tiwa níhìn-ín kò lè ṣe é? Ó lè ṣe ọ̀pá gbọọrọ tí a kò là, ó sì ti ń ṣe é tipẹ́. Bí a bá là á, fọ́nrán líle ẹ̀yìn rẹ̀ kò nípọn tó ti Tonkin, oríkèé rẹ̀ sì sún mọ́ra. Kòkòrò tó ń lu oparun ní ihò tún fẹ́ràn ìyẹ̀fun inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó gé e nínú ẹ̀ẹ̀rùn, kó rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, kó tó sá a sábẹ́ ibòji. Ohun tó wúlò fún jù nínú iṣẹ́ yìí ni ìdánwò: gbogbo iná àti gọ́ọ̀mù ni à ń kọ́kọ́ gbé sórí rẹ̀ kó tó kan ọ̀pá gidi.

Wíwọ̀n àti yíyẹ̀ wò

Ṣóńṣó méjèèjì yẹ kó dọ́gba. Ọ̀kan fi ínṣì 1½ kúrú sí èkejì, tó fi hàn pé ó ti ṣẹ́ rí, tí wọ́n kàn ti òrùka orí bọ̀ ọ́ padà. Kò burú púpọ̀, á kàn le ju èkejì lọ díẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà, a mú ìpín kọ̀ọ̀kan, a fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, etí sì wà nílẹ̀. Ibi tí gọ́ọ̀mù ti kú máa ń pa kẹ́kẹ́, ojú rẹ̀ á sì ṣí bí irun orí. Lórí ṣóńṣó gígùn, ojú kan ti là tó ínṣì 4 lókè ìsopọ̀ irin. A kán omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ẹ̀kán kan sí gọ́ọ̀mù tó yọ síta níbẹ̀. Ó rọ̀, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka: gọ́ọ̀mù awọ ẹran nìyẹn, ti àtijọ́. Ohun tí èyí sọ fún wa ni pé omi gbígbóná àti èéfín omi kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọ̀pá yìí rárá, nítorí ohun tó di ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mú á yọ́.

Kí abẹ tó kan òwú kankan, a na bébà gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, a fi pẹ́ńsùlù fa ibi tí òrùka kọ̀ọ̀kan wà, bí òwú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àti àwọ̀ rẹ̀. Àlàfo àárín òrùka kì í dọ́gba. Bó ṣe ń lọ sókè ló ń sún mọ́ra, torí ṣóńṣó ló ń tẹ̀ jù. Ẹni tó bá fi ojú díwọ̀n wọn á rí okùn tó ń gbá ara oparun ní gbogbo ìgbà tó bá ju ọ̀pá.

Bíbó òwú àti fánííṣì

Orí ẹsẹ̀ òrùka ni à ń gé òwú, níbi tí irin á ti gba abẹ. Bí a bá gé e lórí oparun, ojú abẹ á wọ fọ́nrán, ibẹ̀ náà ni ọ̀pá á ti ṣẹ́ lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yìn abẹ la fi ń ha fánííṣì, ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti ìdí lọ sókè. Èyí tó bá kù, a fi kànrìnkàn irin tó kúnná jù lọ, ìyẹn 0000, tí a rẹ sínú spírítì, nù ún kúrò.

Oògùn tí àwọn akunlé fi ń bó ọ̀dà yára, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ́ wọ ojú gọ́ọ̀mù. Sáńpépà burú jù ú lọ. Ohun tó ń mú kí ọ̀pá yìí ta padà wà ní ẹ̀yìn oparun gan-an, sáńpépà sì máa ń jẹ ẹ́ kúrò níbi tó ti ga jù, ìyẹn igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀pá tí wọ́n ti fi sáńpépà ha rí máa ń rọ̀ lójú kan, kò sì sí àtúnṣe fún ìyẹn.

Ojú tó là, àti títọ́ ìpín tó tẹ̀

Ojú tó là la kọ́kọ́ ṣe. A fi bíléèdì tinrin ṣí i díẹ̀, a gbọ́n eruku àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ jáde ní gbígbẹ. A fi igi ìtayín tí a gbẹ́ pẹrẹsẹ há a, torí ohun líle á ya á síwájú. Gọ́ọ̀mù epoxy onípò méjì tó ń gbà wákàtí 24 kó tó gan la tì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú bíléèdì kan náà. A yọ igi, a wá fi òwú wé e kíkankíkan lọ sókè, a sì tún wé e wálẹ̀ lódì kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì yìí ṣe pàtàkì: bí òwú bá fa apá kan ṣoṣo, ṣóńṣó á lọ́, á sì gan bẹ́ẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó yọ síta, a fi spírítì nù ún kó tó gbẹ, a so ìwúwo gíráàmù 200 sí ìsàlẹ̀ ṣóńṣó, a fi kọ́.

Gọ́ọ̀mù oníṣẹ́jú márùn-ún kò tọ́ síhìn-ín. Kì í jẹ́ kí ọwọ́ ráyè, ooru abẹ́ páànù sì máa ń rọ̀ ọ́.

Ìpín àárín tó tẹ̀ gba iná. Àtùpà spírítì ló dára, torí kò ní èéfín dúdú bíi ti àbẹ́là. Níwọ̀n bí gọ́ọ̀mù inú ti jẹ́ ti awọ ẹran, a kọ́kọ́ fi òwú wé ibi tí iná á dé, kí ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà má baà yà. A gbé ọ̀pá sókè iná tó ọwọ́ kan, à ń yí i, à ń fà á síwá sẹ́yìn lórí ínṣì 6 tó tẹ̀ náà, títí tí ẹ̀yìn ọwọ́ kò fi lè gbà á. Nígbà náà la tẹ̀ ẹ́ sí òdìkejì, kó kọjá títọ́ díẹ̀, a dì í mú títí tó fi tutù pátápátá. Bí oparun bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú, iná ti pọ̀ jù. Kí a ṣe é díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sàn ju kí a fipá mú un lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ìgbà tí a fi ṣe é náà ní tirẹ̀. Láti Oṣù Kẹrin dé Oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Okun, agbègbè Kàbbà níhìn-ín, kún fún omi, oparun tí fánííṣì rẹ̀ ti ṣí sì ń mu ún. Ọ̀pá tó mu omi máa ń gbà láti tọ́ lórí tábìlì, á sì padà tẹ̀ bó bá ti gbẹ. Nítorí náà la ṣe kọ́ ìpín yìí sínú yàrá gbígbẹ títí òjò fi kásẹ̀ nílẹ̀, kí iná tó kàn án.

Ìsopọ̀ irin

Ibí ni àtúnṣe ti ń bàjẹ́ jù. Àdàlù bàbà, zinc àti nickel ni wọ́n fi ṣe akọ àti abo ìsopọ̀ yìí. Wọ́n ń pè é ní nickel silver, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀.

Bí ìsopọ̀ bá ń pa kíkí, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti ń pa. Ẹ di irin mú, kí ẹ mi oparun. Bí oparun bá ń rìn nínú irin, gọ́ọ̀mù abẹ́ ló ti kú. Ti ọ̀pá yìí nìyẹn, ohun tó sì fà á kò ṣòro láti mọ̀. Irin kì í sún kì nítorí ọyẹ́, oparun máa ń sún kì. Bí ọyẹ́ bá ti mú gidi, láàárín Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kejì, oparun á tẹ́ẹ́rẹ́ nínú irin, gọ́ọ̀mù tó ti gbó á sì fọ́. Ìsopọ̀ tó le gírígírí nígbà òjò á wá máa mì lóṣù Kìíní, ẹni tó ni í á sì rò pé akọ àti abo ló ti jẹ.

Ẹ wá ìṣó kékeré kí ẹ tó fà á. Ọ̀pọ̀ ìsopọ̀ àtijọ́ ló ní ìṣó tínínní kan tó gba inú irin àti oparun kọjá, wọ́n sì ti fi fáìlì pa orí rẹ̀ rẹ́. Lábẹ́ dígí asọǹkandi-ńlá, ó máa ń hàn bí àmì kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Abẹ́rẹ́ tí a gé orí rẹ̀ la fi tì í jáde. Ẹni tó bá fa ìsopọ̀ láìyọ ìṣó á ya oparun náà láti ìdí.

Lẹ́yìn ìṣó, a wé aṣọ tútù mọ́ oparun lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, a wá fi iná ra irin nìkan. Gọ́ọ̀mù á rọ̀, a ó sì fa ìsopọ̀ jáde tààrà. A kì í lọ́ ọ, torí ìlà mẹ́fà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù dì kò lè gba lílọ́. A ha ìdọ̀tí kúrò nínú irin, a fi spírítì nù ún. Oparun ti tẹ́ẹ́rẹ́ sí irin báyìí, a sì fi òwú tinrin kan wé e ní ìlà tó jìnnà síra, ìpele kan péré, láti di àyè náà. Kí a tó fi epoxy sí i, a fi ojú abẹ fa ìlà kékeré kan sí ara oparun lóròó. Ojú ihò atẹ́gùn nìyẹn. Bí kò bá sí i, afẹ́fẹ́ tó há sí ìdí irin á máa ti ìsopọ̀ padà síta nígbà tí gọ́ọ̀mù bá ń gan, a ó sì bá a lówùúrọ̀ pé ó ti jáde.

Ní ti akọ àti abo fúnra wọn, spírítì lórí òwú etí tó láti fọ̀ wọ́n. A kì í fi ọ̀rá pa wọ́n, torí ọ̀rá ń fa iyanrìn mọ́ra. Bí akọ bá le jù, sáńpépà 2000 díẹ̀ yíká. Bí ó bá tú jù, ìda oyin tinrin lè gbà á fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n àtúnṣe kọ́ nìyẹn. Nígbà tí a bá fẹ́ tú ọ̀pá tó ti há, kí a gbé e sẹ́yìn orúnkún méjèèjì, ọwọ́ méjèèjì lóde orúnkún, kí a wá fi orúnkún ti ọwọ́ síta. Ó máa ń jáde tààrà láìlọ́.

Òwú tuntun àti fánííṣì

Òwú ṣẹ́dà tinrin ni tirẹ̀. Ẹnìkan á ní ṣebí sányán wà nílé. Sányán kì í ṣe òwú tí a fà ní fọ́nrán kan gbọọrọ, ríran ni wọ́n ń ran án bí òwú, ó nípọn, ó sì ní irun. Kò ní jókòó lórí ẹsẹ̀ òrùka. Òwú táílọ̀ onírọ́bà le dáadáa, àléébù rẹ̀ ni pé fánííṣì kì í wọ inú rẹ̀ bíi ti ṣẹ́dà.

A fi fáìlì rẹ́ ẹsẹ̀ òrùka kọ̀ọ̀kan kó tinrin ní ìparí, kí òwú lè gun orí rẹ̀ láìfò. A bẹ̀rẹ̀ wíwé ní mìlímítà 3 ṣáájú ẹsẹ̀ náà, ìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Nígbà tó bá ku bí ìlà mẹ́fà, a ki òwú mìíràn tí a ṣẹ́ po wọlẹ̀, a wé e bò ó, a ki ìparí òwú sínú ìṣẹ́po yẹn, a fi fà á gba abẹ́ ara rẹ̀. Kò sí ìdì kankan.

Ṣẹ́dà pupa tí fánííṣì bá kàn ní tààrà á ṣókùnkùn di àwọ̀ ilẹ̀. Àwọn kan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí pupa dúró, kó fi fánííṣì èékánná aláìláwọ̀ kùn ún ní ìpele méjì tinrin ṣáájú.

Fánííṣì gidi náà jẹ́ ti olóròóró, irú èyí tí wọ́n fi ń kun igi ọkọ̀ ojú omi. Ìpele àkọ́kọ́, ìdá mẹ́ta fánííṣì sí ìdá kan turpentine. Ìpele méjì tó tẹ̀ lé e kò nílò kí a là á tó bẹ́ẹ̀. Nínú òjò ó lè lẹ̀ mọ́ ọwọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nínú ọyẹ́ ó yára gbẹ, eruku sì ń bà lé e lójú ẹsẹ̀. Àlàfo kékeré tó dára wà láàárín ìparí òjò àti ìgbà tí ọyẹ́ bá dé tán. Ẹni tí kò bá lè dúró dè é, kó wá páìpù ínṣì 4 tó gùn ní fíìtì 5, kó gbé e dúró, kó lu ihò sí òkè àti ìsàlẹ̀, kó sì fi gílóòbù 40 wáàtì olókùn iná sí ìdí rẹ̀. Gílóòbù LED kò wúlò níbẹ̀, torí ooru la ń wá.

Ìdìmú

A kò pààrọ̀ kọ́ọ̀kì. A fi fáìlì ha kọ́ọ̀kì ìgò wáìnì di lẹ́búlẹ́bú, a pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù igi, a fi dí ihò aáyán, a sì fi sáńpépà 240 rẹ́ ẹ nígbà tó gbẹ. Kọ́ọ̀kì kan ṣoṣo tó ìdìmú odindi.

Ríìlì

Inú rẹ̀ kò le: kẹ̀kẹ́ eléyín kan, ahọ́n onígun mẹ́ta kan, àti sípíríǹgì tó ń ti ahọ́n náà. Ọ̀rá àtijọ́ ló gan mọ́ wọn. A rì gbogbo rẹ̀ sínú kẹrosíìnì mọ́jú, a fi búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ̀ ọ́, a kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀kán méjì sí ọ̀pá àárín. Ojú ahọ́n kan ti jẹ; a yí i padà kí ojú kejì máa ṣiṣẹ́. Súkúrù àtijọ́ ń fẹ́ súkúdíráfà tó kún ojú rẹ̀ gẹ́lẹ́, èyí tó kéré á fọ́ ọ. Ẹ má ṣe fi oògùn ìdán-idẹ kàn án. Àwọ̀ dúdú ara rẹ̀ ni ohun tí àwọn tó ń ra nǹkan àtijọ́ ń san owó lé.

Ihò tó wà lára róòlù rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Charles Orvis, oníṣẹ́ ohun èlò ìpẹja, gba ìwé àṣẹ fún ríìlì tóóró oníhò ní Amẹ́ríkà ní 1874, iṣẹ́ ihò náà sì ni kí okùn ṣẹ́dà lè gbẹ.

Okùn ṣẹ́dà

Òróró linseed tí wọ́n fi rẹ okùn ló bàjẹ́ tó fi ń lẹ̀. A tú u kúrò lórí ríìlì, a rẹ ẹ́ sínú lítà 2 omi tó ní ṣíbí ńlá mẹ́ta sódà ìfọṣọ, títí omi fi pọ́n. A fọ̀ ọ́ nínú omi mímọ́, a sá a sábẹ́ ibòji. Kí a tó náwó sí i mọ́, a dán agbára rẹ̀ wò: a so kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 mọ́ ọn, ìyẹn kílò 5, a gbé e sókè. Ó gbé e. Èyí tó bá já, kò yẹ fún ẹja.

A wá fi òróró linseed tí wọ́n ti sè pa á ní ìpele tinrin mẹ́rin, ìpele kọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó bọ́ sí i, a sì fi aṣọ rírọ̀ fa èlé kúrò. Bí a bá kánjú, á tún lẹ̀.

Ṣẹ́dà wúwo ju omi lọ, ọ̀rá ló ń jẹ́ kó léfòó. Òrí ló kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán níhìn-ín ń yọ́ òrí di omi. Ìdá mẹ́ta ọ̀rá àgùntàn sí ìdá kan ìda oyin, tí a yọ́ pọ̀, dúró dáadáa. Kó tinrin.

Lẹ́tà HDH ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n irú okùn yìí láyé àtijọ́, ó sì sún mọ́ nọ́ńbà 6 òde òní. Láti mọ̀ dájú, kí a gbé fíìtì 30 àkọ́kọ́ sórí òṣùwọ̀n oníwúrà: gíráàmù 9 jẹ́ nọ́ńbà 5, gíráàmù 10.4 jẹ́ 6, gíráàmù 12 jẹ́ 7. Tiwa jẹ́ 10.2.

Fọ́nrán líle tí wọ́n fà láti inú kòkòrò ṣẹ́dà, láti Murcia ní Sípéènì, ni wọ́n ń so sórí okùn nígbà náà, ó sì ní láti rẹ nínú omi kó má baà ṣẹ́. Ọ̀ràn yẹn kò wu wá. Nylon, tó jáde ní 1938, sàn jù ú ní gbogbo ọ̀nà: fíìtì 3 ti mìlímítà 0.45, lẹ́yìn náà fíìtì 2 méjì-méjì ti 0.35, 0.28 àti 0.22. Ìwọ̀ rẹ̀ kò nílò kó ti òkè òkun wá. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ dúdú àti ìyẹ́ ẹtù alámì, lórí ìwọ̀ nọ́ńbà 10 tàbí 12, tó fún epìyà.

Ìdánwò

Adágún ìsédò Omi, lórí odò Kámpè, ní àyè tó gbòòrò lẹ́yìn ẹni, ohun tí ọ̀pá yìí sì ń fẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ti mọ ọ̀pá carbon lára á kánjú jù. Oparun ń gba àkókò: kí okùn na tán lẹ́yìn kí a tó tì í síwájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìwọ̀ á já bọ́. Lẹ́yìn jíjù díẹ̀, a yẹ ìsopọ̀ wò. Kò sí èyí tó pa. Ìpín àárín fi díẹ̀ padà sí òsì, kò tó ìdajì ínṣì, a sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iná kẹrin lórí gọ́ọ̀mù awọ kò tọ́ sí ìdajì ínṣì.

Nígbà tí a bá délé, okùn ṣẹ́dà kì í sùn lórí ríìlì. Kí a tú u sórí ẹ̀yìn àga méjì kó gbẹ, torí tútù ló ń jẹ ẹ́ rà. Ọ̀pá á wọ àpò aṣọ lẹ́yìn tó bá gbẹ, a ó sì fi kọ́ sórí ìṣó nínú yàrá tó ní àjà. Kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ nítorí ikán, kò sì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ páànù lásán, níbi tí ooru ọ̀sán ti lè yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ṣóńṣó kúkúrú nìkan ló kù. A ti wé òwú rẹ̀, ó ń dúró de ìpele fánííṣì tó kẹ́yìn, ọyẹ́ sì ti dé, nítorí náà inú páìpù onígílóòbù ló máa gbẹ sí.